Àlùmọ́gàjí Inú Báàgì Màmá

Ìgbà kẹta tí wọ́n ránṣẹ́ pe Baba Ẹ̀rọ sí ilé aránṣọ kan láàárín oṣù kan ló tó wo ojú ẹni tó ni máṣíìnì dáadáa. Bó ṣe wà láti kékeré nìyẹn: ohun tó bá ní nọ́ọ̀tì lára ló máa ń kọ́kọ́ rí, èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ má torí orúkọ yẹn pè é ní àgbàlagbà o. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, kò níyàwó, kò bímọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe fún ọdún mẹ́wàá ládùúgbò kan, tí ìgò òróró kì í kúrò lápò rẹ̀, àwọn aránṣọ á sọ ọ́ ní nǹkan. Baba Ẹ̀rọ ni wọ́n sọ ọ́, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ náà, ó tú abẹ́ máṣíìnì, ó yọ bọ́bìnì. Bíi ti ìgbà méjì àkọ́kọ́, fọ́nrán òwú ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ó dì bí irun tó há sínú kóòmù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "kí lẹ fi ń gé aṣọ?"

"Mi ò kí ń gé e," aránṣọ náà dáhùn. "Mo máa ń fà á ya ni."

"Ẹ máa ń fà á ya?"

Ó mú aṣọ kan, ó fi eyín la etí rẹ̀ díẹ̀, ó di ìhà méjèèjì mú, ó sì fà á. Fàáà! Aṣọ náà ya gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fọ́nrán òwú fò sókè, ó bà lé inú máṣíìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Baba Ẹ̀rọ sín lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ ò rí ohun tó ń pa máṣíìnì yín," ó ní. "Àlùmọ́gàjí ńkọ́?"

"Ẹ bi màmá mi."

Màmá jókòó sí pálọ̀, ó gbé báàgì dúdú kan lé itan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ara rẹ̀ ló wà. Ó fa báàgì náà mọ́ra. "Kò sí àlùmọ́gàjí nílé yìí," ó ní. Ohùn tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ló fi sọ ọ́.

Nígbà náà ni Baba Ẹ̀rọ gbójú sókè. Kọ́tìnnì, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, àpò ìrọ̀rí, aṣọ orí tábìlì: gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà ló ní igun mẹ́rin. Kò sí ọrùn aṣọ kan, kò sí apá kan. Ṣùgbọ́n lára ògiri, fọ́tò ìyàwó kan wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun tí ọrùn rẹ̀ rí roboto bí òṣùpá.

"Ta ló rán ìyẹn?"

"Èmi ni. Mo ṣì ń gé aṣọ nígbà yẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò dé ojú. "Aṣọ kì í ya yípo, Baba Ẹ̀rọ. Gbọọrọ ló máa ń ya. Ohun tí mo lè fà ya nìkan ni mo ń rán báyìí."

Bó ṣe ń de nọ́ọ̀tì padà ni obìnrin náà sọ tiẹ̀ fún un, láìyí ohùn padà. "Ara mi ò yá lọ́dún méjì sẹ́yìn. Kì í ṣe ibà o, ọpọlọ mi ló ṣàárẹ̀. Mo gbà pé wọ́n rán ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú aṣọ àwọn oníbàárà mi. Mo bá ń gé wọn wẹ́wẹ́ kí n lè rí i. Aṣọ èèyàn méje ni mo gé, mo tún gé kọ́tìnnì ilé mọ́ ọn. Oṣù mẹ́ta ni mo lò nílé ìwòsàn. Ara mi ti yá, mo ṣì ń lo oògùn mi. Ṣùgbọ́n àdúgbò ò gbàgbé."

Baba Ẹ̀rọ dúró. Ó rò ó dáadáa. "Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ náà?"

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi tó mú kí Màmá dìde dúró ní pálọ̀.

"Láti ọdún méjì, ẹnì kankan ò bi mí rí! Rárá o. Tíkẹ́ẹ̀tì alágbàfọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí."

Ẹ̀rín yẹn bá Baba Ẹ̀rọ délé, ó bá a jẹun, kò sì lọ.

Láti ọjọ́ náà, máṣíìnì aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtọ́jú tí máṣíìnì kan ò gbà rí. Lọ́jọ́ Ajé, Baba Ẹ̀rọ wá fi òróró sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó wá wò ó bóyá òróró náà ti dé ibi tó yẹ kó dé. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní òun gbàgbé súkúrù kan síbẹ̀.

"Ọmọ mi," Màmá bi í, "ṣé máṣíìnì yìí ò ní rì sínú òróró báyìí?"

Ní Ọjọ́bọ̀, aránṣọ àti Màmá máa ń lọ sí ìpàdé kan ní gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn. Baba Ẹ̀rọ ní òun á sìn wọ́n. Nọ́ọ̀sì kan tó sanra, tí ohùn rẹ̀ lè jí òkú, ló ń darí ibẹ̀. Wọ́n to àga yípo: awakọ̀ kan, akọ̀wé báńkì kan, àwọn tó ti ṣàìsàn rí, àwọn ará ilé wọn, àti aládùúgbò tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀.

"Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ lẹsẹ̀ lè dùn," nọ́ọ̀sì máa ń sọ. "Ẹni tó bá ní ọpọlọ lọpọlọ rẹ̀ lè rẹ̀. Kí ni ìtìjú ibẹ̀?"

Ibẹ̀ ni Baba Ẹ̀rọ ti gbọ́ pé dókítà ti sọ ọ́ tipẹ́: aránṣọ lè padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹnu ya Baba Ẹ̀rọ. Kí ló wá ń dí i lọ́wọ́?

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, tí aránṣọ ti ṣíwájú díẹ̀, ó ní kí Màmá jẹ́ kí òun gbé báàgì náà. Màmá kọ̀. Ó wá rí i pé èjìká ọ̀tún obìnrin náà ti wọ́ sílẹ̀ ju ti òsì lọ. Ẹni tó ń fi irin jẹun mọ bí irin ṣe ń fa aṣọ.

"Mà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "irin ló wà nínú ibẹ̀."

Màmá rìn lọ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Bí mo bá fi í sílé, ọmọbìnrin mi á rí i. Bí mo bá gbé e fún aládùúgbò, á bi mí nídìí. Mò ń gbé e lọ sí ọjà, mò ń gbé e lọ sí báńkì. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀, màá gbé e lọ sí balùwẹ̀. Ọdún méjì, ọmọ mi."

"Á ti kújú báyìí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín pọ́n ọn."

Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí Màmá tó gbà. Àdéhùn wọn ni pé wákàtí kan lóòjọ́ ni, lójú Màmá, kí àlùmọ́gàjí sì padà sínú báàgì. Baba Ẹ̀rọ pọ́n ọn títí tó fi lè gé irun tó já bọ́ sórí rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aránṣọ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ọrùn aṣọ kan, ó gé e yípo, roboto, láìdúró. Omijé ń bọ́ sórí aṣọ bó ṣe ń gé e. Màmá dúró tì í, ó la ẹnu báàgì sílẹ̀.

Nígbà tó yá, wákàtí kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Aṣọ ọmọdé kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni aṣọ iṣẹ́ akọ̀wé báńkì. Obìnrin kan nínú àwọn méje ìjọ́sí náà gbé aṣọ wá. Ó ní òun ti dárí jì í, pé aṣọ ìjọ́sí ò tiẹ̀ yẹ òun rí.

"Mi ò ní irọ́ kankan láti pa mọ́," Baba Ẹ̀rọ sọ fún aránṣọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó di súkúrù kan mú tí ò ní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ fi ṣe. "Kò sí ohun tó ń ṣe máṣíìnì yìí. Èmi ni nǹkan ń ṣe tí mi ò bá rí ẹ."

"Mo mọ̀. Máṣíìnì ti sọ fún mi tipẹ́."

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, olólùfẹ́ mi. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Aránṣọ wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún òróró. "Kọ́kọ́ lọ fọwọ́ ná," ó ní. Nígbà tí Baba Ẹ̀rọ padà dé pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́, aránṣọ di ọwọ́ méjèèjì náà mú, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá ku Tíṣà. Ìyá Baba Ẹ̀rọ ni. Ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ò tíì fi í sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ pàápàá, Tíṣà ló ń pè é.

Baba Ẹ̀rọ ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Nínú gbogbo obìnrin tó wà láyé?"

"Nínú gbogbo wọn, mà."

"Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ta ni á mọ̀? Nígbà tó bá ti gé ilé tán?"

"Èmi á mọ̀. Èmi á máa ṣọ́ ọ."

Tíṣà wò ó títí. "Ó dáa. Máa ṣọ́ ọ. Tí mo bá rí i pé ò ń ṣọ́ ọ, màá wá síbi ìgbéyàwó."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni Baba Ẹ̀rọ rò pé òun sọ. Láti ọjọ́ náà, kò bi olólùfẹ́ rẹ̀ pé kí ló ń rán mọ́. Ohun tó ń bi í ni pé, "Ṣé o sùn?" "Ṣé o ti lo oògùn?" "Kí ló dé tójú ẹ rí báyìí?" Á ní òun ń wá omi mu, á lọ ka hóró oògùn inú ike. Tí aránṣọ bá dákẹ́, àyà rẹ̀ á já. Tó bá rẹ́rìn-ín sókè, àyà rẹ̀ á tún já. Ẹ̀rín tó gbé e wá sílé náà gan-an ló wá ń bà á lẹ́rù.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta kan, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣègbéyàwó, Baba Ẹ̀rọ gbọ́ orin láti ìta. Ohùn aránṣọ ni, ó ń kọ ọ́ lókè lala. Baba Ẹ̀rọ ti ilẹ̀kùn wọlé. Aṣọ funfun tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ ló kún ilẹ̀, ó kún orí àga, ó kún orí tábìlì. Oúnjẹ àárọ̀ wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Olólùfẹ́ rẹ̀ wà láàárín gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán.

"O dé!" ó ní. "Wá wo—"

Baba Ẹ̀rọ ò wò. Ó fò dé ibẹ̀, ó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀. "Jókòó, jọ̀ọ́, jókòó. Màmá! Màmá dà?" Fóònù ti wà létí rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti gé gbogbo aṣọ."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, ó mú aṣọ kékeré kan nílẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó nà án sí i. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i. Mẹ́tàdínlógójì. Ó mú òmíràn: méjìdínlógójì.

"Òdòdó ni," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Fún etí aṣọ ìgbéyàwó mi. Igba ni mo fẹ́ gé. Inú mi ń dùn ni mo ṣe gbàgbé oúnjẹ."

Màmá wọlé nígbà náà láti ilé aládùúgbò, báàgì rẹ̀ fẹ́lẹ́ lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì nìyẹn tó fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ jáde. Ó wo àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ Baba Ẹ̀rọ, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ti ní ìyá," aránṣọ sọ fún Baba Ẹ̀rọ. "Mo ti ní dókítà, mo ti ní nọ́ọ̀sì. Ọkọ ni mò ń wá. Mi ò lè fẹ́ ọlọ́pàá."

"Dákun, ìfẹ́ mi, ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí inú mi bá dùn, ẹ̀rù á bà ẹ́. Tí inú mi bá bàjẹ́, ẹ̀rù á bà ẹ́. Ibo ni kí n wá gbé láàárín méjèèjì? Máa lọ sílé."

Baba Ẹ̀rọ lọ. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ó ń fún nọ́ọ̀tì tó ti fún tẹ́lẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, òun nìkan lọ sí ìpàdé. Màmá wà níbẹ̀, aránṣọ ò wá. Ó sọ ohun tó ṣe níwájú gbogbo wọn, kò bo ara rẹ̀ láṣìírí.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán. "Baba Ẹ̀rọ, tí wọ́n bá gbé máṣíìnì tó ń pariwo wá, báwo lo ṣe ń mọ̀ bóyá ariwo iṣẹ́ ni àbí ariwo àìsàn?"

"Màá bi ẹni tó ń lò ó, mà. Òun ló mọ bó ṣe máa ń dún."

"Ó dáa. Ta ló ń lo ọpọlọ yẹn?"

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Baba Ẹ̀rọ dorí kodò. Màmá tó jókòó tì í gbá a lápá.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ," Màmá ní. "Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Èmi náà ò bi í rí." Bí àwọn méjèèjì ṣe ń sunkún tí wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Baba Ẹ̀rọ kan ilẹ̀kùn aránṣọ. Ó mú bébà pátánì wá, bébà pupa rẹ́súrẹ́sú tí àwọn aránṣọ fi ń ya ìwọ̀n aṣọ.

"Mi ò wá tún máṣíìnì ṣe," ó ní. "Mo wá gba ìwọ̀n. Mo ti ń ṣọ́ ẹ láìmọ ìwọ̀n ẹ. Bá mi kọ ọ́ síbí. Èwo ni àìsàn, èwo ni ìwọ? Ohun tó o bá kọ ni màá tẹ̀ lé, mi ò ní fi tèmi kún un."

Aránṣọ wo bébà náà. Ó jẹ́ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ló gba bébà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó mú ṣọ́ọ̀kì.

"Tí mi ò bá sùn fún òru mẹ́ta, tí mi ò sì gbà pé àìsàn ni," ó ń kọ, ó ń kà á sókè, "pe dókítà. Má bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà ní ìpamọ́ nínú nǹkan, pe dókítà, kó o sì di ọwọ́ mi mú. Tí mo bá ju oògùn nù, sọ fún Màmá."

"Mo gbọ́."

"Tí mo bá ń kọrin, kì í ṣe àìsàn. Ohùn mi ò dáa ni. Tí mo bá gbàgbé oúnjẹ, gbé oúnjẹ wá. Tí mo bá bínú sí ẹ, kì í ṣe àìsàn." Ó gbójú sókè. "Ìwọ lo ṣẹ̀ mí."

"Kọ ọ́ síbẹ̀."

"Mo ti kọ ọ́. Ó yá, tìẹ náà ńkọ́?"

"Tèmi?"

"Ṣé àlejò ni ọpọlọ nínú orí tìẹ ni?"

Baba Ẹ̀rọ ronú. "Tí mo bá ń fún nọ́ọ̀tì tó ti fún," ó ní, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, "tí mi ò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, wá bá mi. Má jẹ́ kí n dá wà."

Aránṣọ kọ ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ tó kún fún ṣọ́ọ̀kì gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ mú. "Òpònú mi," ó ní. "Àárò ẹ sọ mí gan-an."

Ó gbé bébà náà lọ fún Tíṣà fúnra rẹ̀. Baba Ẹ̀rọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ maàkì iṣẹ́ rẹ̀. Tíṣà fi awò ojú sójú, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún padà sókè. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ ti ọmọ rẹ̀ sí, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Bàbá ẹ," ó sọ fún Baba Ẹ̀rọ níkẹyìn. "Lọ́dọọdún ló máa ń jókòó sí yàrá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní fẹ́ rí wa. A ní ìgbéraga ni. Títí ó fi kú, ìgbéraga la pè é." Ó nu awò ojú rẹ̀. "Ẹnì kankan ò kọ ìwé fún wa."

Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Tíṣà fa ọwọ́ náà yọ, ó nàró ṣánṣán.

"Mi ò ní aṣọ tí mo máa wọ̀ síbi ìgbéyàwó yín," ó ní. "Bá mi wọn ọrùn mi. Roboto ni mo fẹ́ ẹ o, ìyàwó mi."

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Ọ́fíìsì kékeré kan ni, tábìlì kan, àga mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì gba àga méjì. Awakọ̀ ló fi ọkọ̀ gbé wọn wá. Etí aṣọ ìyàwó ní igba òdòdó, ọrùn aṣọ Tíṣà sì yí i ká láìfún un. Wọ́n búra, wọ́n fọwọ́ síwèé, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

Bí ayàwòrán ṣe ní kí wọ́n dúró, ìyàwó rí òwú kan tó ń já lára apá kóòtù ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú àlùmọ́gàjí."

Màmá la báàgì dúdú. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó wá a lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì, ó kó áńkáṣíìfù jáde, ó kó kọ́kọ́rọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ló dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì.

"Kò sí níbẹ̀," ó ní. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀. "Orí tábìlì iṣẹ́ ẹ ló wà. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì... Mi ò tiẹ̀ rántí gbé e mọ́."

Baba Ẹ̀rọ wo èjìká ìyá ìyàwó rẹ̀. Méjèèjì ti dọ́gba.

Ẹ̀rín gba ọ́fíìsì kan, ti ìyàwó ló sì ròkè jù. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi eyín já òwú náà lára ọkọ rẹ̀, ó sì ní kí ayàwòrán máa ya fọ́tò lọ.